Màmá Kò Fẹ́ Ohun Tó Bá Ń Dákẹ́

Níbi ìsìnkú Màmá, gbogbo ẹni tó gba máìkì ló ń sọ pé obìnrin onísùúrù ni. Aṣojú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ sọ ọ́. Agbẹ̀bí kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ sọ ọ́. Bàbá kan tó wá láti Igbogila, tó jẹ́ pé Màmá ló gbẹ̀bí gbogbo ọmọ rẹ̀, sọ ọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo jókòó sáàárín àwọn ọmọ olóòkú, inú ń bí mi. Ó dà bí ẹni pé òkú ẹlòmíràn ni wọ́n wá sin.

Màmá tí mo mọ̀, ìyá tó bí ìyá mi, kò ní sùúrù rárá. Ó láàánú, ó lóòótọ́, ó mọ́ tónítóní, ọwọ́ rẹ̀ yá sí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n sùúrù? Bó bá gbé ẹ̀wà kaná, á ṣí ìkòkò wò kí omi tó hó, á tún ṣí i, á tún ṣí i, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ̀wà jà. Bí ènìyàn bá ń kí i, yóò ti dáhùn tán kí onítọ̀hún tó nàró. Àwọn obìnrin tó bímọ sí i lọ́wọ́ ní ilé ìgbẹ̀bí ní Ayétòrò máa ń sọ pé ariwo rẹ̀ ló ń lé ọmọ jáde. Nígbà tí mo wà ní kékeré lọ́dọ̀ rẹ̀, bó bá rán mi níṣẹ́, kì í jẹ́ kí n dé ẹnu ọ̀nà kó tó tún pè mí. "Àjàní, o kò tíì lọ? Àbí o ti dé?"

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ojú. Ó ríran dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè wo ohun kékeré mọ́. Fóònù tí gbogbo wa fi ń wo àwòrán ara wa, bí eèrà ni ohun tó wà nínú rẹ̀ rí lójú rẹ̀. Mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní iléèwé gíga kan ní Ìlaró nígbà yẹn, bí mo ṣe ń ṣe é títí di òní. Mo lọ sí Owódé, mo ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan tó gba Kútọnú wọlé, tó ní ojú fífẹ̀ bíi ti tẹlifíṣọ̀n. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì ń falẹ̀ bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Mo nu gbogbo rẹ̀ kúrò, mo fi Linux sí i. Linux jẹ́ ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni, kì í wúwo, àìsàn inú fláàṣì kì í sì í sábà ràn án.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún Màmá. Ó gbọ́ díẹ̀, ó já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu.

"Ta ló ni ín?"

"Kò sí ẹni tó ni ín, Màmá. Gbogbo ayé ló jọ ni ín."

Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí. "Ohun tí gbogbo ayé bá jọ ni, bó bá bàjẹ́, ta ni n ó fẹjọ́ rẹ̀ sùn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ ni n ó máa pè."

Ó sì pè mí. Bí mo bá rántí bí ó ṣe pè mí tó, ọwọ́ mi ṣì máa ń sáré lọ sí fóònù. Mo lè wà lábẹ́ tábìlì níbi iṣẹ́, tí mo ń wá wáyà, kí fóònù dún. Mo lè wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í kí mi. Á bẹ̀rẹ̀ láti àárín ọ̀rọ̀, bí ẹni tí a ti jọ ń bá a bọ̀ láti àná.

Ọ̀sẹ̀ tí mo gbé kọ̀ǹpútà náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì parí tí ẹjọ́ àkọ́kọ́ fi dé. "Àjàní, ẹ̀rọ rẹ ní èmi kọ́ ni èmi."

Ó ti fi orúkọ ìyá rẹ̀, Àṣàkẹ́, ṣe ọ̀rọ̀ ìwọlé, láìfi àmì sí i. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ń sọ fún un pé kì í ṣe òun. Bí ènìyàn bá ń tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé, tóótòòtó dúdú nìkan ni yóò máa rí, kò ní rí lẹ́tà tó tẹ̀. Mo ronú títí, mo wá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kíbọọ̀dù àwọn Faransé ni kíbọọ̀dù náà. Ibi tí kíbọọ̀dù tiwa ń gbé Q sí, ibẹ̀ ni tiwọn ń gbé A sí. Mo ti sọ fún kọ̀ǹpútà pé Faransé ni kíbọọ̀dù rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ilé nìkan ló ti gbọ́. Ní ẹnu ọ̀nà, níbi tí ènìyàn ti ń wọlé, ó ṣì rò pé ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Bí Màmá bá tẹ A, Q ni ẹ̀rọ ń gbà.

Mo ní, "Màmá, ẹ gbọ́. Níbi tí ẹ bá ti fẹ́ tẹ A, Q ni kí ẹ tẹ̀. Ó máa ṣí."

"Kí n tẹ kí ni?"

"Q, Màmá. Fún òní nìkan. N óò wá tún un ṣe lọ́jọ́ Sátidé."

Inú bí i. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan sí i, mo ní kò sí ẹni tó máa rí i. Kò gbà. Ó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní títì títí mo fi gun ọ̀kadà lọ bá a ní Ayétòrò lọ́jọ́ Sátidé náà, tí eruku sì fi bò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Nígbà tí mo ń tún un ṣe, ó dúró lẹ́yìn mi, ó kó ọwọ́ lérí, ó sì tún ọ̀rọ̀ tó sọ lórí fóònù sọ: "Kò sí Q nínú orúkọ ìyá mi."

Ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí mo so mọ́ kọ̀ǹpútà náà tún wà ńbẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ ní kó tẹ ìwé àdúrà ìdúpẹ́ ìkórè fún wọn. Ó pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà kó tẹ̀ ẹ́, ìtẹ̀wé kò mira. Ẹlòmíràn yóò wò ó bóyá bébà há sínú rẹ̀. Màmá kò wò. Ó tún tẹ bọ́tìnnì àṣẹ. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó fi ìbínú tẹ̀ ẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó wá pè mí. Bébà ló há lóòótọ́, ẹ̀rọ sì ti dá gbogbo iṣẹ́ dúró nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé àṣẹ kankan, ńṣe ló tò wọ́n sílẹ̀ tò wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí mo dé, tí mo yọ bébà tó há, tí mo sì tú iṣẹ́ sílẹ̀, ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ ìwé àdúrà, ó tún tẹ ìwé àdúrà, bébà ń fò bọ́ sílẹ̀. Kí n tó rí ibi tí mo ti máa dá a dúró, bébà inú ilé ti tán. Màmá jókòó sáàárín àdúrà, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. "Mo pè é, kò jẹ́. Ìgbà tó wá jẹ́, kò dákẹ́ mọ́."

Nínú gbogbo ìpè rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni kò ti bá mi jà. Lọ́jọ́ náà, ó ní òun fẹ́ ka Bíbélì lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ní ibi tí òun fẹ́ lọ léwu. Ó ń pariwo pé irú ewu wo ló wà nínú Sáàmù. Mo ní kó wo igun òkè, kó ka ọjọ́ tó wà níbẹ̀ fún mi. Ó kà á. Ọjọ́ ìgbà tí mo ṣì wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló kà.

Bátìrì kékeré kan máa ń wà nínú kọ̀ǹpútà, ó rí pẹlẹbẹ, ó rí roboto. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ rántí ọjọ́ nígbà tí iná bá lọ. Bí bátìrì náà bá ti kú, iná kan á lọ báyìí, ẹ̀rọ á ti padà sí ọdún tó ti pẹ́. Àwọn ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì a sì máa wo ọjọ́ kí wọ́n tó gba ènìyàn láyè. Bí ọjọ́ kò bá bá tiwọn mu, wọ́n á ní ewu ń bẹ. Bí kọ̀ǹpútà bá rí nẹ́tíwọọ̀kì tó dára, ó lè fúnra rẹ̀ béèrè ọjọ́ kó sì tún un ṣe, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọọ̀kì wa kì í yá ara. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Màmá, mo ń dúró kí èébú bẹ̀rẹ̀.

Kò bú mi. Ó ní, "Nítorí náà, ó lè padà sẹ́yìn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. N óò ra bátìrì mìíràn bọ̀."

"Ó dára fún un," ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ọjọ́ kan péré lèmi fẹ́."

Ó pa fóònù. Mo mọ ọjọ́ tó ń sọ. Gbogbo ilé wa ló mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀.

Màmá ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo, ọmọ ìyá ọmọ bàbá rẹ̀. Ìyá Pobẹ̀ la máa ń pè é, torí pé Pobẹ̀, lódìkejì ẹnubodè, ló fẹ́ ọkọ sí. Mùsùlùmí ni ọkọ rẹ̀, òun náà sì di Alájà. Nígbà tí ìyá wọn, Àṣàkẹ́ yìí, darúgbó, ọ̀dọ̀ Ìyá Pobẹ̀ ló lọ gbé, ibẹ̀ náà ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kírun. Ọjọ́ tó kú, wọ́n ránṣẹ́ sí Ayétòrò. Kò sí fóònù nígbà náà. Ẹni tí wọ́n rán kò tètè rí ọkọ̀. Àwọn Mùsùlùmí kì í sì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí Màmá fi máa dé Pobẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ilẹ̀ tútù ló bá, wọ́n ti sin ìyá rẹ̀ tán.

Ó dúró létí sàréè, níwájú àwọn ará ilé ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kì í ṣe ọmọ ìyá òun mọ́. Ó sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Pobẹ̀ kò fèsì. Kò fèsì lọ́jọ́ náà, kò fèsì lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo ń rí Màmá tó ń ránṣẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ ìjà nígbà mìíràn, ẹja gbígbẹ nígbà mìíràn. Èsì kò wá. Bí a bá bi Màmá léèrè nípa rẹ̀, gbólóhùn kan ló ní. "Ẹ̀gbọ́n mi kì í jà. Ó máa ń dákẹ́ ni, ohun tó ń pa mí nìyẹn."

Mo rántí gbólóhùn yẹn dáadáa ní ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà náà kún.

Màmá ti kó fídíò ìwàásù, àwòrán ọmọ-ọmọ, àti gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá gbé wá nínú fláàṣì sínú rẹ̀ títí kò fi ku àyè kankan. Bí Linux kò bá ní àyè láti kọ ohun kékeré tirẹ̀ sílẹ̀, kì í lè jẹ́ kí ènìyàn wọlé. Yóò gba ọ̀rọ̀ ìwọlé, ojú rẹ̀ yóò ṣú díẹ̀, yóò sì dá ènìyàn padà sí ẹnu ọ̀nà. Màmá wọlé, ó dá a padà. Ó wọlé, ó dá a padà. Kó tó pè mí, ó ti pe ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún fóònù ṣe nítòsí. Ọ̀gbẹ́ni náà ní kò sí ọ̀nà mìíràn, àfi kí òun nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò. Màmá ní, "Bí orí bá ń fọ́ ọ nílé yín, ṣé wọ́n máa ń bẹ́ ẹ ni?" Ó lé e jáde. Ìgbà yẹn ló wá pè mí.

Mi ò lè kúrò níbi iṣẹ́. Mo ní ká jọ tún un ṣe lórí fóònù. Mo ní kó tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta pọ̀, kí ojú dúdú lè jáde, ibi tí ènìyàn ti ń fi ọ̀rọ̀ kíkọ pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Ó jáde. Mo ń pe lẹ́tà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá a lórí kíbọọ̀dù Faransé rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àmì ìlà kékeré tó yẹ kó tẹ̀ sínú àṣẹ náà, kò rí ibi tó wà. A wá a bí abẹ́rẹ́ tó bọ́ sínú yanrìn. Mo ń làágùn ní Ìlaró, òun ń làágùn ní Ayétòrò. Ọ̀gá mi gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó wò mí, ó mi orí.

Níkẹyìn, ó kọ àṣẹ tó máa pa fídíò ńlá kan rẹ́, ó sì tẹ bọ́tìnnì tó ń fi àṣẹ ránṣẹ́.

"Kí ló sọ, Màmá?"

"Kò sọ nǹkan kan."

"Ó dára, ó ti ṣe é nìyẹn."

"Mo ní kò sọ nǹkan kan!"

"Màmá, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe. Bí ẹ bá pàṣẹ tó sì gbà, á dákẹ́. Bí kò bá gbà ló máa ń sọ̀rọ̀."

Mo gbọ́ ìró nǹkan tó gbá tábìlì. "Irú ìwà wo nìyẹn? Mo bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ó gbà, kò sì lè ní 'mo gbà'? Kí n máa wo ojú rẹ̀?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú kọ̀ǹpútà. Ó bú u gan-an, ó bú ẹni tó ṣe é, ó bú Owódé tí mo ti rà á. Mo gbé fóònù jìnnà sí etí. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló ń bú mọ́. Nígbà tí mo ní kó tún gbìyànjú láti wọlé, ó wọlé, gbogbo àwòrán rẹ̀ sì pé. Kò dúpẹ́. Ó ní, "Ẹni tó bá gbà fún mi, kó dá mi lóhùn."

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ráfíátù, ọmọ-ọmọ Ìyá Pobẹ̀, pè mí. A ò mọra rí. Ó gba nọ́ńbà mi lọ́wọ́ onímọ́tò kan tó ń ná ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Ó ní ẹ̀gbẹ́ kan ara ìyá àgbà òun ti rọ. Ó ní ìyá àgbà kò sọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ní òun fẹ́ rí ojú àbúrò òun. Orúnkún Màmá ti bàjẹ́ nígbà náà, kò lè rin ìrìn àjò lórí ọ̀nà wa. Mo ní kí Ráfíátù mú fóònù rẹ̀ sílẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé, kí a pè é lórí kọ̀ǹpútà, kí Màmá lè rí i dáadáa.

Mo ra kámẹ́rà kékeré kan tí wọ́n ń fi kọ́ orí kọ̀ǹpútà. Màmá ti múra nígbà tí mo ń so ó mọ́ ọn. Ó ti wẹ̀, ó wọ aṣọ òkè rẹ̀ àtijọ́, ó wé gèlè bí ẹni tó ń lọ ìpàdé ìjọ. Ó ń tún gèlè náà wé. Fóònù mi ni mo fi fún kọ̀ǹpútà ní íńtánẹ́ẹ̀tì. A pè. Ó dún, ó dún, ojú kan sì yọ tó gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà.

Ìyá Pobẹ̀ fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí. Ẹnu rẹ̀ wọ́ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wo Màmá fún ìgbà díẹ̀, ó yíjú sí ọmọ-ọmọ rẹ̀. "Ráfíátù, wò ó. Ó ti gbó."

"Ta ló gbó?" Màmá figbe ta. "Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ìyá Pobẹ̀ ń wò ó, kò yí padà. Ráfíátù yọ orí. "Alóò! Alóò! Màmá Ayétòrò, à ń rí yín o, a ò gbọ́ yín!"

Mo fò mọ́ ẹ̀rọ. Mo ṣí ibi ètò ohùn. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó yẹ kó máa jó bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀. Màmá ń pariwo, ìlà náà kò mira. Mo yọ kámẹ́rà, mo tún un so. Mo gbé ohùn sókè dé òpin. Mo pa ojú ìwé tí a fi ń pè, mo tún un ṣí. Ojú Ìyá Pobẹ̀ pòórá, Màmá gbá mi léjìká. "O ti lé e lọ!" Ojú náà padà yọ. Ohùn tiwa kò lọ. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe lójoojúmọ́ nìyí, iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún mi láti ṣe, mo sì ń ti máùsì kiri bí ẹni tí kò rí i rí.

Ní òdìkejì, mo gbọ́ tí Ìyá Pobẹ̀ ń sọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé, "Kò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ ni."

"Ìyá àgbà, ẹ̀rọ ni o," Ráfíátù wí.

"Ẹ̀rọ wo? Ṣé kì í ṣe ẹ̀rọ náà ló fi ń gbọ́ tèmi? Ó ṣì ń bínú. Mo ti rí ojú rẹ̀, ó tó. Pa á."

Mo rí ọwọ́ Ráfíátù tó ń bọ̀ lórí fóònù. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n yára fi fóònù tèmi pè wọ́n."

"Má fọwọ́ kan nǹkan kan," Màmá wí. "Má jẹ́ kí ojú rẹ̀ lọ."

Ó di etí tábìlì mú, ó dìde. Ó ti àga sẹ́yìn. Ó fi ẹ̀yìn rìn lọ sí àárín yàrá, ó ń wo àwòrán tirẹ̀ kékeré tó wà ní igun, títí ó fi rí i pé kámẹ́rà ti ń rí òun látòkè délẹ̀. Ó di àga mú, ó sọ orúnkún tó dára kalẹ̀. Ó sọ èyí tí kò dára kalẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe kan sìmẹ́ńtì. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú gèlè rẹ̀, ó gbé ojú sókè sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ gbogbo ohun tó sọ. Àwọn tó wà ní Pobẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n kàn ń rí ẹnu tó ń mì ni.

Ọwọ́ Ráfíátù dúró lójú afẹ́fẹ́. Ìyá Pobẹ̀ fi ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ bo ẹnu.

"Dìde," ó wí. "Dìde, ilẹ̀ yẹn tútù. Ṣé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ tó máa gbé e dìde ni?"

Mo gbé e dìde. Ó wúwo sí mi lọ́wọ́. Ó jókòó, ó fi etí ìró nu ojú, ó tún gèlè ṣe. Lẹ́yìn náà ló wá bojú wò mí bí ó ṣe máa ń wò mí. "Ó yá, tún ẹ̀rọ burúkú yìí ṣe. Ọ̀rọ̀ ṣì pọ̀."

Ohun tó ṣe é kò tó nǹkan. Kọ̀ǹpútà ń dẹtí sí ihò tí wọ́n ń ki wáyà máìkì bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ohunkóhun nínú ihò náà. Máìkì inú kámẹ́rà ló yẹ kó máa gbọ́. Orúkọ máìkì méjì ló wà níbi ètò ohùn náà, mo mú èkejì dípò àkọ́kọ́, ó parí. Ohùn Màmá dé Pobẹ̀. Gbólóhùn tó sì kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ni pé, "Èmi kò gbó o."

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni wọ́n ń pe ara wọn. Wọ́n ń jà lórí bí ìyá wọn ṣe ń se ọbẹ̀ ilá. Wọ́n ń jà lórí orúkọ ajá tí wọ́n sìn ní kékeré. Bí nẹ́tíwọọ̀kì bá já sáàárín ìjà, Màmá á pè mí ní Ìlaró bí ẹni tí ilé ń jó. Ìyá Pobẹ̀ ń fèsì, ó ń fèsì dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sàréè àti ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ yẹn, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn mẹ́nu bà á rí.

A rò pé Ìyá Pobẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ. Màmá ló lọ. Ibà ṣe é ní àkókò òjò. Kò fẹ́ sùn ní ilé ìwòsàn, ó ní wọ́n ń falẹ̀ jù. Kí a tó mọ̀ pé ó le tó bẹ́ẹ̀, ó ti bọ́.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ọkọ Ráfíátù fi mọ́tò gbé Ìyá Pobẹ̀ gba ọ̀nà Ọjà-Ọ̀dàn bọ̀. Ọ̀nà kò dára, wọ́n pẹ́. Pásítọ̀ ń wo aago. Òjò ń ṣú. Àwọn àgbà ìdílé ní kí a máa bá iṣẹ́ lọ. Mo dúró sẹ́nu sàréè, mo ní ẹnikẹ́ni kò ní da yẹ̀pẹ̀ sí i títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò fi dé. Wọ́n bínú sí mi. A dúró. Ó dé, wọ́n gbé e sórí àga lọ sí etí sàréè, ó wo inú rẹ̀, ó ní kí a máa ṣe é.

Nígbà tí àwọn èrò ti túká, ó ní kí wọ́n gbé òun wọ yàrá Màmá, ó sì ní kí wọ́n pè mí. Ó jókòó sórí ibùsùn àbúrò rẹ̀.

"Ìwọ lo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kúnlẹ̀," ó wí. "Ẹnu rẹ̀ ń mì. Kí ló sọ?"

Mo lè dá a lóhùn bí àwọn tó gba máìkì láàárọ̀ ṣe sọ̀rọ̀. Mo lè ní ó tọrọ àforíjì, ó sunkún, ó bẹ̀ ẹ́. Mo rò ó wò. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

"Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò jàre. Ẹ ò dúró dè mí, ẹ ò jàre títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan ni mo ní, ẹ má pa fóònù.'"

Ìyá Pobẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi yọ̀ sí èjìká, tí Ráfíátù fi sáré wọlé láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tẹ́ aṣọ orí ibùsùn náà, ó ń tẹ́ ẹ lọ, ó ń tẹ́ ẹ bọ̀.

"Mo jàre," ó wí. "Àmọ́ ó yẹ kí n dúró dè é."